Ìyẹ̀fun Ọ̀sán, Èéfín Ìdájí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́: ẹnu ọ̀nà oníbúrẹ́dì. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ojú ẹlòmíràn ò tíì là tán, ṣùgbọ́n imú ti jí. Òórùn búrẹ́dì ti ń pe gbogbo àdúgbò.

Oníbúrẹ́dì tí à ń wí yìí, Gbónáfelí ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń kígbe nìyẹn bó bá ti gbé búrẹ́dì jáde. "Gbóná felí! Ẹni tó bá pẹ́, tútù ló máa bá!" Ọkùnrin náà sanra, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Àwa tí à ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, tí à ń la ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa afẹ́fẹ́ àti ojú ọjọ́, ti jẹ nínú búrẹ́dì rẹ̀. A ò ní purọ́: ó dùn.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí Gbónáfelí fẹ́ràn ju ààrò búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Màmá rẹ̀ ni.

Nígbà tí Ọlọ́run bá a ṣe é tó ń kọ́lé tirẹ̀ sí etí òkun, Màmá ló kọ́kọ́ rò kó tó ro ara rẹ̀. Iyàrá iwájú ló fún Màmá, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun gbọnrangandan, kí ìyá arúgbó lè máa gba atẹ́gùn. Ó ní ẹ̀yìn ilé ni ààrò búrẹ́dì máa wà, kí èéfín má baà yọ ìyá òun lẹ́nu.

Ẹ má sì rò pé ó kàn ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí bíríkìlà tó fi bíríkì kan lé èkejì, Gbónáfelí jáde lọ́sàn-án gangan, ó bu ìyẹ̀fun sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì sọ ọ́ sókè. Ìyẹ̀fun náà ti ọ̀nà òkun wá, ó gba orí ilẹ̀ tí ilé máa wà kọjá, ó lọ sẹ́yìn, síhà ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà.

"Ṣé o rí i?" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Láti orí òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Bí ààrò bá wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀yìn náà ni èéfín á máa gbà lọ. Màmá ò ní gbóòórùn rẹ̀ láéláé."

"Ṣé kò ní dáa ká bi ẹni tó mọ̀ nípa atẹ́gùn?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ta ni ká tún bi? Ìyẹ̀fun ti sọ̀rọ̀."

Kò sì fi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan. Ó dán an wò léraléra kó tó jẹ́ kí bíríkìlà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ló ń dán an wò nígbà gbogbo, torí ọ̀sán ni oníbúrẹ́dì máa ń ráyè. Láàárọ̀, iṣẹ́ ni. Lálẹ́, oorun ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀.

Wọ́n kó dé ilé tuntun tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Màmá.

Ìdájí nìkan ló máa ń ṣe é. Bí Gbónáfelí bá ti dáná sí ààrò, tó ń po ìyẹ̀fun, tó ń gé e, tó ń tò ó sínú páànù, á máa gbọ́ ọ láti iyàrá iwájú: hó, hó, hó. Bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, ikọ́ náà á lọ. Lọ́sàn-án, Màmá á jókòó sójú fèrèsé, á máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi, á sì máa bú àwọn tó ń wà wọ́n pé wọn ò mọ ọkọ̀ wà, bí ẹni pé òun gan-an ti wa ọkọ̀ rí láyé òun.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó fún un lóògùn, ó wá bi wọ́n bóyá èéfín wà nítòsí ibi tí Màmá ń sùn.

"Èéfín kẹ̀?" Gbónáfelí ti dáhùn kí Màmá tó lanu. "Ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún ni ààrò mi wà. Èéfín tèmi ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó kọ ohun tó fẹ́ kọ, ó ní kí wọ́n padà wá bí ikọ́ náà ò bá lọ.

Nígbà tí ikọ́ ò lọ, Gbónáfelí fẹnu ara rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ pé òtútù òkun ni. Ìdájí ni òtútù máa ń mú jù, ìdájí náà sì ni Màmá ń wúkọ́. Kí ló tún kù? Ó wá fóòmù, ó fi dí fèrèsé tó kọjú sí òkun pa, ó tún fi ọ̀rá bò ó lójú. Màmá ò rí ọkọ̀ ojú omi mọ́, kò sì rẹ́ni bú mọ́. Ikọ́ ọ̀hún wá le sí i.

Lẹ́yìn èyí ni Gbónáfelí fura sí Alágbàfọ̀. Aládùúgbò wọn lápá òsì ni, ẹni tó máa ń fi igi se aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú agbada ńlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Gbónáfelí wọlé tọ̀ ọ́ lọ tòun ti ìyẹ̀fun tó dé ìgúnpá.

"Aládùúgbò, èéfín yín fẹ́ pa màmá mi o."

Alágbàfọ̀ rọra gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èéfín tèmi? Èmi tó jẹ́ pé oòrùn á ti là kí n tó ṣáná? Ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan." Ó mú un lọ sídìí okùn tó ta síwájú ilé, níbi tó máa ń sá aṣọ sí di ọjọ́ kejì. "Ẹ wo aṣọ funfun yìí. Kí ni dúdú tó wà lára rẹ̀ tó-tò-tó yìí? Àtìgbà tí ẹ ti kó dé ni mò ń fọ aṣọ kan náà ní àfọ̀túnfọ̀. Àwọn oníbàárà mi ti ń bi mí bóyá inú àdògán ni mò ń sá aṣọ sí."

"Ẹ̀yìn ilé ni ààrò mi wà!"

"Mo gbọ́. Ẹ̀yìn ilé ló wà, kò kúkú sí lẹ́yìn ayé."

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn láìkí ara wọn pé ó dàbọ̀. Ní ti àwa, ẹ jẹ́ ká má tíì dá sí i. Ẹjọ́ tí a bá gbọ́ lápá kan, a kì í dá a.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jókòó.

"Ọkọ mi," ó wí, "mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin."

Ibi tí ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí ń gbé jìnnà gan-an sí òkun. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́.

"Kí ló dé, Màmá? Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ilé yìí tù mí lára. Ìyàwó mi ń tọ́jú mi bí ẹyin. Ṣùgbọ́n àyà yìí ò gbé e mọ́. Mo fẹ́ràn òkun, òkun ò fẹ́ràn mi. Ká má fi agídí ṣe é."

Ẹni tó lè bá odindi àdúgbò jiyàn lórí iyọ̀ inú búrẹ́dì, kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó jókòó ti ààrò rẹ̀, ó sì sunkún. Tìtorí obìnrin yìí ló ṣe kọ́lé síbẹ̀. Bí Màmá bá lọ, kí ló fẹ́ fi ilé ọ̀hún ṣe?

Bí Màmá ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni àbúrò ìyàwó Gbónáfelí dé pé òun wá lo ìsinmi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ni obìnrin yìí ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń wọn bí òjò ṣe pọ̀ tó àti bí ooru ṣe mú tó, àwọn ló ń wo ibi tí atẹ́gùn kọrí sí, kí wọ́n tó sọ bí ọ̀la ṣe máa rí fáráyé. Àwàdà ni Gbónáfelí máa ń fi iṣẹ́ náà ṣe.

"Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́, ẹ káàbọ̀! Ṣé òjò máa rọ̀ lọ́la?"

"Ó ṣeé ṣe kó rọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Bí kò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"Mo ní ó ṣeé ṣe."

"Iṣẹ́ yín mà dáa o! Ẹ wò ó, bí èmi bá sọ fún oníbàárà mi pé ó ṣeé ṣe kí búrẹ́dì wú, ojú ẹsẹ̀ ló máa rékọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Iyàrá Màmá ni wọ́n tẹ́ ẹní àlejò sí. Nígbà tó di ìdájí, ojú tó ń ta àlejò ló jí i. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, imú rẹ̀ sì kún fún òórùn igi tó ń jó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá ti dìde jókòó, ó fọwọ́ mú àyà, ó ń wúkọ́. Àbúrò tan iná. Nínú ìmọ́lẹ̀ náà ló ti rí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti òkè àjà wọlé, tí kò sì ríbi jáde, torí fóòmù ti dí fèrèsé.

Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó mú un jókòó sí ìta níhà tí èéfín ò sí. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀yìn ilé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èéfín ààrò yín ló kún iyàrá Màmá."

"Rárá o." Gbónáfelí ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ìyẹ̀fun. "Ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ń gbé e lọ. Mo ti dán an wò. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín."

"Ìgbà wo lẹ dán an wò?"

"Lọ́sàn-án. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o."

"Ìgbà wo ni ààrò yín máa ń jó?"

"Ìdájí ni, ta ló ń jẹ búrẹ́dì..." Ó gbójú sókè nídìí ìyẹ̀fun.

"Ẹ bu ìyẹ̀fun," ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ tún un sọ sókè nísinsìnyí."

Gílóòbù kan wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé. Gbónáfelí dúró sábẹ́ rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun, ó jù ú sókè. Ìyẹ̀fun náà ò gba ẹ̀yìn lọ. Ó dúró lójú afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó yí padà, ó wá rọra forí lé ọ̀nà òkun. Kò ga, kò sì yára. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síwájú, síhà iyàrá Màmá, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì ń lọ bá okùn aṣọ Alágbàfọ̀.

Ìyàwó Gbónáfelí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta, fọwọ́ lérí. "Yéè! Bàbá Ọmọ, àwa la wà nídìí ẹ̀!"

Ojú ti Gbónáfelí, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é. Ó fa igi tó ń jó kúrò lẹ́nu ààrò, ó da omi sí i, ó sáré lọ síwájú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa fóòmù yẹn ya kúrò lójú fèrèsé. Búrẹ́dì tó wà nínú ààrò ò jinná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn oníbàárà bá ẹnu ọ̀nà ní títì, wọ́n kùn títí, wọ́n sì lọ. Kò sẹ́ni tó kígbe gbóná felí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ara balẹ̀ díẹ̀, Gbónáfelí wá bèèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Àbúrò mi, ẹ má bínú, ṣé atẹ́gùn náà máa ń dalẹ̀ ni? Lọ́sàn-án, ó ń bọ̀ láti òkun. Nídàájí, ó ń lọ sí òkun. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

"Kò dalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣé ààrò yín ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó ṣì gbóná dáadáa."

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun mú páànù búrẹ́dì méjì wá. Ó bu iyanrìn etí òkun sínú ọ̀kan, ó bu omi sínú èkejì, ó ti àwọn méjèèjì bọ inú ààrò lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé búrẹ́dì oníyanrìn la máa jẹ láàárọ̀ yìí?" ni Màmá bèèrè. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Nígbà tó gbé wọn jáde, ó ní kí Gbónáfelí fọwọ́ kan ojú méjèèjì wò. Ó fọwọ́ kan iyanrìn, ó já ọwọ́ gbà. Ó ki ìka bọ omi: ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Wọ́n gbé páànù méjèèjì sí abẹ́ igi, wọ́n mu tíì. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, ó tún ní kó fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú iyanrìn ti tutù. Omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe wà.

"Kíá ni iyanrìn gba ooru, kíá náà ló tún jọ̀wọ́ rẹ̀," ni Gbónáfelí wí fúnra rẹ̀. "Omi ò tètè gbà á, kò sì tètè fi í sílẹ̀."

"Bí ilẹ̀ àti òkun ṣe rí gan-an nìyẹn. Lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn sórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbóná. Ṣé ẹ ti rìn láìwọ bàtà létí òkun lọ́sàn-án rí?"

"Èèyàn á máa fò bí ẹyẹ ni," ni ìyàwó Gbónáfelí wí.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kẹsẹ̀ bọ omi, á tutù. Ó dáa. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ gbígbóná á fúyẹ́, á gòkè lọ, bí èéfín ààrò yín náà ṣe ń gòkè. Àyè ò ní ṣófo. Afẹ́fẹ́ tútù tó wà lórí òkun ló máa ń ya wá gba ipò rẹ̀. Òun ni atẹ́gùn òkun tí ìyẹ̀fun yín bá pàdé lọ́sàn-án."

"Lálẹ́ wá ńkọ́?"

"Lálẹ́, oòrùn ti lọ. Ilẹ̀ á tètè tutù, òkun á ṣì di ooru rẹ̀ mú. Ó wá di pé orí òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, ti orí ilẹ̀ á sì máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe títí di ìdájí nìyẹn, títí oòrùn á fi tún gòkè. Ẹ̀yin ẹ wà lẹ́yìn, Màmá wà níwájú, òkun sì ń fa atẹ́gùn sọ́dọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù nídàájí, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ náà máa ń tutù, á wúwo, kì í fẹ́ gòkè. Èéfín á máa rá pálá nílẹ̀. Lọ́sàn-án, èéfín kan náà ì bá ti fò kọjá òrùlé."

Gbónáfelí mí kanlẹ̀. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mi ò tún ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́."

"Ẹ máa ṣe é lọ, Ẹ̀gbọ́n. Kò dùn mí."

Màmá ti ń ronú láti ìgbà yìí wá. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, atẹ́gùn òkun tí o ń wí yìí, ṣé òun náà ló ń gbé òjò wá?"

"Ẹ káre, Màmá! Òun ni. Oòrùn ń fa omi òkun sókè ní oruku, ìyẹn èéfín omi tí ojú ò rí, atẹ́gùn á gbé e wá sórí ilẹ̀, bó bá gòkè tó sì tutù, á di ìkúukùu, á di òjò. Ohun tí ilé yìí ń rí láàárín ọ̀sán àti òru, ilẹ̀ tó fẹ̀ lọ rẹpẹtẹ máa ń rí i láàárín oṣù sí oṣù. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí ilẹ̀ bá gbóná fún oṣù mélòó kan, á fa afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun, àkókò òjò á dé. Bí atẹ́gùn bá yí padà tó ń ti orí ilẹ̀ bọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn á dé."

"Òkun yìí ló wà nídìí gbogbo ẹ̀?"

"Òkun àti afẹ́fẹ́ ni. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe é. Òkun ló ń tọ́jú ooru fún ayé, kí ọ̀sán má baà jó wa, kí òtútù òru má sì pa wá. Ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ kárí ayé ń mú kí ooru pọ̀ jù, òkun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ra. Bí òkun bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, omi tó ń gbé sókè á pọ̀ sí i, òjò lè wá le ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè má wá lásìkò tí a ń retí rẹ̀. Ìdí tí a fi ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún yín nìyẹn, tí Ẹ̀gbọ́n fi ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ní kò dùn yín!" ni Gbónáfelí wí.

"Ó dùn mí díẹ̀."

Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n àyà mi ò gbọ́ àlàyé. Ẹ ṣe ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe sí ààrò yín. Ìdájí tí ẹ bá tún dáná, bí mo bá wúkọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Ẹrù mi wà ní dídì."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Gbónáfelí lọ bá Alágbàfọ̀. Kò rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ó lọ.

"Aládùúgbò, ẹ forí jì mí. Èéfín mi ni. Ó ń dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó sì ń dé ara aṣọ yín."

Alágbàfọ̀ nawọ́ sí okùn aṣọ rẹ̀. "Aṣọ mi ti sọ fún yín. Ẹ ní ẹ̀yìn ilé, ẹ̀yìn ilé." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Bí ara Màmá á bá ṣáà ti yá, ó tán. Ìgbà wo lẹ fẹ́ wó ààrò náà? Mo lè bá yín ru bíríkì."

Wọ́n wó ààrò náà. Ọjọ́ mélòó kan ni àdúgbò fi wà láìrí búrẹ́dì Gbónáfelí jẹ, àwọn míì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ì bá ṣì máa fi ààrò àtijọ́ ṣe díẹ̀díẹ̀ kó tó wó o, ó ní, "Ẹni tí kò bá lè dúró de búrẹ́dì, kó lọ máa jẹ ti ibòmíràn. Ìyá kan ṣoṣo la ní."

Àbúrò rẹ̀ ló fi ibi tó yẹ hàn wọ́n. Níwọ̀n bí atẹ́gùn ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òkun àti ilẹ̀, ààrò ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilé, kò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú. Apá ọ̀tún ló ní kí wọ́n kọ́ ọ sí, lójú ilẹ̀ òfìfo tó jìnnà díẹ̀ sí iyàrá gbogbo, níbi tí atẹ́gùn á ti gbé èéfín kọjá láìya ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wẹ́dà ṣe páìpù èéfín tó ga kọjá òrùlé dáadáa. Ó ní kí wọ́n má fi igi tútù dáná mọ́, torí igi tútù ló ń rú èéfín jù. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tó fi bíríkì kankan lélẹ̀, Gbónáfelí jí nídàájí, ó sọ ìyẹ̀fun sókè níbẹ̀. Ó sọ ọ́ lọ́sàn-án, ó tún sọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ funfun bí iwin. Màmá ní bó bá ń bá a lọ báyìí, ìyẹ̀fun ò ní ṣẹ́kù fún búrẹ́dì.

Ìdájí tí wọ́n máa dáná sí ààrò tuntun dé. Gbónáfelí ṣáná. Ó ń po ìyẹ̀fun, etí rẹ̀ wà ní iyàrá iwájú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gé e, ó tò ó sí páànù, ó tì í sínú ààrò. Kò gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lásìkò yìí, bí ikọ́ bá tiẹ̀ ti lọ, Màmá máa ń jí, á máa kí gbogbo ilé, á máa bèèrè ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ òun. Kò sí ìró kankan. Inú dídùn Gbónáfelí wá di ẹ̀rù. Ó rántí pé ìyá òun ti dàgbà. Ó ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré. Ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń sáré, òun náà gbá tẹ̀lé e. Àgbà kì í sáré lásán.

Ó ti ilẹ̀kùn. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ìdájí rọra ń gbé aṣọ ojú rẹ̀. Màmá nà gbalaja, kò mira.

"Màmá!" Ó dì í léjìká mú. "Màmá! Ẹ dákun!"

Màmá la ojú kan. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ tẹkúntẹkún, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ojú kejì.

"Kí ló dé?"

"A ò gbúròó yín, Màmá."

"Oorun ni mò ń sùn!" Màmá dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. "Àtìgbà tí mo ti dé ilé yìí, mi ò tíì sùn mọ́jú rí. Lọ́jọ́ tí mo wá rí oorun sùn, ìwọ náà ló tún wá jí mi. Ẹ jáde! Bí ẹ bá ti ń lọ, ẹ tú ẹrù yẹn palẹ̀. Aṣọ ìbora mi kan wà nínú rẹ̀, mo fẹ́ dà á bora."

Ẹ̀yin ará wa, ìmọ̀ràn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ò le. Bí ẹ bá ń fi iná ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ búrẹ́dì lẹ̀ ń ṣe, ẹja lẹ̀ ń yan tàbí aṣọ lẹ̀ ń sè, ẹ má fi atẹ́gùn ọ̀sán ṣòdiwọ̀n fún iṣẹ́ ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ wà létí òkun tàbí adágún ńlá, ẹ rántí pé atẹ́gùn sábà máa ń yí padà láàárín ọ̀sán àti òru. Bí ìjì bá sì ń bọ̀ tàbí ojú ọjọ́ bá ṣú, ó tún lè yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí páìpù èéfín ga, kí igi gbẹ. Ẹ má dáná sun pàǹtírí nídàájí tàbí lálẹ́, nígbà tí èéfín kì í fẹ́ gòkè. Ó sàn kí ẹ má tilẹ̀ sun ún rárá. Bí èéfín bá wọ iyàrá, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má dí i pa. Ikọ́ àgbàlagbà àti ti ọmọ kékeré kì í ṣe ohun à ń fẹnu ara wa dá lẹ́jọ́: ẹ lọ sílé ìwòsàn, bí nọ́ọ̀sì bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ ronú kí ẹ tó dáhùn. Ẹ máa gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́ pẹ̀lú, torí òkun àti afẹ́fẹ́ ò jìnnà sí yàrá tí ẹ ń sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èéfín òun ń lọ, kó wò ó ní àkókò tí iná rẹ̀ ń jó.